Asẹ́ Ọ́ìlì Tí Kò Ṣe É Tú: Ọ̀rọ̀-Ìṣe àti Ọ̀rọ̀ Ìperí Nínú Iṣẹ́ Mẹkáníìkì ní Agbègbè Ìjàyè

Ìfáàrà

Bí a bá mẹ́nu ba èdè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Yorùbá, inú yàrá ìkàwé ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ ribiribi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ èdè ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ìperí jọ fún ìlò olùkọ́ àti olùtumọ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ́ igi tí mẹkáníìkì ti ń tú ọkọ̀ náà jẹ́ ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ohun tí ooru ń ṣe sí rọ́bà, bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i bí ọ̀pá bá gùn, àti ìdí tí irin méjì tí ń fara gbo ara wọn fi nílò ọ́ìlì. Kò sí ẹni tí ó tẹ ìwé fún wọn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn péye débi pé bí olùtumọ̀ bá ṣi ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tú, ó lè ba ẹnjìnnì jẹ́.

Iṣẹ́ kékeré kan ni àròkọ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni yíyọ asẹ́ ọ́ìlì tí kò fẹ́ tú lára ọkọ̀ tí ó ti pẹ́.

Ìjàyè àti àwọn ọkọ̀ àtijọ́

Ìjàyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, lójú ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Isẹ́yìn. Ìlú Kúrunmí ni. Ogun ọdún 1860 sí 1862 tú u ká, àwọn ènìyàn sì tún padà tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ pàtàkì ibẹ̀: gbágùúdá, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀fọ́. Ohun tí a bá kórè ní abúlé gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ó tó bàjẹ́, pàápàá gbágùúdá, nítorí pé kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí a bá ti hú u tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú.

Ọkọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yìí kan náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni Peugeot 504 ṣì ń jáde ní Kàdúná, nítorí náà a ṣì ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà oko, yálà èyí tí ń kó èrò tàbí èyí tí ó ní àpótí ẹrù lẹ́yìn. Eruku pupa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ ìgbà òjò ni ó ń jà á. Bí a kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ẹnjìnnì yóò nọ́ọ̀kì, owó tí a ó sì fi tún un ṣe lè ju èrè oko ọdún kan lọ. Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ asẹ́ ọ́ìlì kò fi kéré lójú ẹni tí ó ni ọkọ̀.

Ohun tí asẹ́ ọ́ìlì jẹ́

Bí ẹnjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, irin ń gbo irin, eérú epo tí ó jóná ń wọ inú ọ́ìlì, eruku sì ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Pọ́ǹpù a máa ti ọ́ìlì gba inú agolo kan tí ó kún fún bébà tí a ṣẹ́ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po. Ọ́ìlì yóò gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó yí etí agolo náà ká wọlé, yóò la bébà kọjá, yóò sì gba ihò ńlá tí ó wà láàárín padà sínú ẹnjìnnì. Ìdọ̀tí yóò kù sí ara bébà. Àwọn ẹ̀rún tí asẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dá dúró kéré púpọ̀: bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju 20 sí 40 nínú rẹ̀ lọ. Irun orí ènìyàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ asẹ́, awẹ́ rọ́bà kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà jáde bí a bá pa ẹnjìnnì. Ọ̀nà àbùjá sì wà níbẹ̀ tàbí lára ẹnjìnnì. Bí ìdọ̀tí bá dí bébà pátápátá, ọ̀nà yìí yóò ṣí, ọ́ìlì yóò sì gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́, nítorí pé ọ́ìlì tí ó dọ̀tí sàn fún ẹnjìnnì ju kí ó má rí rárá lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ní irú agolo yìí. Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá kò ní asẹ́ oníbébà; asẹ́ onírin tí a hun bí àwọ̀n ni ó wà nísàlẹ̀ ẹnjìnnì rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn ní ìkòkò irin tí a fi bóòtù gígùn kan dè, bébà inú rẹ̀ nìkan ni a sì ń pààrọ̀. Ní ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ WIX ní Amẹ́ríkà gbé agolo tí a ń yí wọlé lódindi jáde. Irú èyí ni ti 504, òun náà sì ni ó ń dá wàhálà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìperí: asẹ́ tàbí ajọ̀? Epo tàbí ọ́ìlì?

Fílítà ni orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun èlò yìí. Àyálò ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kọ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ iṣẹ́ ohun náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn. A máa ń jọ èlùbọ́, a sì máa ń sẹ́ ògì. Ohun gbígbẹ ni a ń jọ̀, a sì ń mi ajọ̀ kí ìyẹ̀fun lè bọ́ sílẹ̀. Ohun olómi ni a ń sẹ́. Aṣọ ìsẹ́gì kì í kúrò lójú kan. Omi ni ó ń la á kọjá, tí eèrí sì ń kù sókè. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú agolo ọ́ìlì gan-an nìyí. Nítorí náà asẹ́ ni ó yẹ, kì í ṣe ajọ̀.

Ẹ̀yà kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó léwu jù. Bí olùtumọ̀ bá kọ asẹ́ epo, kí ni ẹni tí ó kà á yóò lóye? Epo nínú èdè Yorùbá ni epo pupa, òun náà ni epo ọkọ̀, ìyẹn bẹntiróòlù, òun sì tún ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi pe ohun tí ń mú kí irin yọ̀. Ọkọ̀ kan náà ní asẹ́ fún bẹntiróòlù àti asẹ́ fún ohun yíyọ̀ yìí. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá sọ pé kí a tú asẹ́ epo, ọmọ iṣẹ́ lè lọ tú èyí tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá, kí bẹntiróòlù sì dà sórí ẹnjìnnì gbígbóná. Iná ni yóò tẹ̀lé e.

Àwọn mẹkáníìkì ti yanjú ìṣòro yìí tipẹ́. Epo ni wọ́n ń pe bẹntiróòlù, ọ́ìlì ni wọ́n ń pe èyí tí ó wà nínú ẹnjìnnì, wọn kì í sì í pa méjèèjì pọ̀. Ó yẹ kí ìwé tẹ̀lé wọn: asẹ́ ọ́ìlì fún ọ̀kan, asẹ́ epo fún èkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lé ọ́ìlì jáde nítorí pé àyálò ni, ó ń ba ìyàtọ̀ tí ó wúlò jẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bá orúkọ nílẹ̀. Nígbà tí Ernest Sweetland ṣe asẹ́ ọ́ìlì fún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1923, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Purolator. Ìtàn tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ mẹ́ta, tí ń sọ nípa mímọ́, ọ́ìlì àti ìgbà tí ó bá yá, ni a kàn pọ̀ di orúkọ náà.

Kí ni ó dé tí kò tú?

Ibi tí èdè mẹkáníìkì ti lọ́rọ̀ jù ni orí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ ìdí tí asẹ́ kò fi tú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ké láti abẹ́ ọkọ̀ pé, "Ọ̀gá, kò tú o," ìbéèrè tí yóò bọ́ sẹ́nu ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ ni pé, "Ṣé ó fún ni, àbí ó lẹ̀?" Ìdáhùn yẹn ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe. Olùtumọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dípò gbogbo rẹ̀ ti pa ìtọ́jú náà rẹ́ mọ́ orúkọ àìsàn.

Ó ń yọ̀. Ìyẹn ni pé asẹ́ kò tilẹ̀ fún. Ọ́ìlì tí ó wà lára rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹni tí ń tú u ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mú un. Kí a fi ọṣẹ àti aṣọ gbígbẹ nu agolo náà. Kí a fi bébà ìfági wé e, kí ojú rẹ̀ tí ó há wà ní inú, kí a sì tún gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ asẹ́ tí a ti kà sí aláìgbọràn ni ó ń tú ní ìpele yìí.

Ó fún. Ẹni tí ó dè é kẹ́yìn ni ó fi irinṣẹ́ dè é dípò ọwọ́. Agbára tí ó pọ̀ ju ti ọwọ́ lásán lọ ni a nílò, ṣùgbọ́n kí agbára náà yí agolo ká bákan náà. Sípánà onígbànú wà fún èyí, èyí tí ó ní ṣéènì sì wà pẹ̀lú. Ibi tí kò bá ti sí èyíkéyìí, fáńbẹ́líìtì àlòkù tí a wé mọ́ agolo, tí a sì fi igi líle lọ́ ìdí rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí a wé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí agolo ti kan ẹnjìnnì, nítorí pé ibẹ̀ ni agolo lágbára jù.

Ó lẹ̀. Òrùka rọ́bà tí ó wà lẹ́nu asẹ́ ni ó gbẹ, tí ooru sì yan án mọ́ ojú irin. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò fi ọ́ìlì pa á lẹ́nu. Agbára nìkan kò ṣàǹfààní níbí. Kí a tan ẹnjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí rọ́bà lè rọ̀, kí a pa á, kí a sì fà á díẹ̀díẹ̀ láìjá a gbà. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́; bí ẹnjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ débi pé ó gbóná gan-an, ọ́ìlì inú rẹ̀ lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iná yan asẹ́ láé.

Ó há. Nígbà tí a ń fi í sí i, ó wọlé ní wíwọ́, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì gun orí ara wọn. Kí a tú u díẹ̀, kí a dè é padà díẹ̀, kí a tún tú u, títí yóò fi rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá jáde, kí a yẹ ọ̀pá oníhò tí ó wà lára ẹnjìnnì wò, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti bàjẹ́ tàbí kí ó bá asẹ́ jáde.

Ó dípẹtà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé tírẹ́ẹ̀dì ni ìpẹtà dè, yóò sì máa da epo atúpẹtà sí etí asẹ́. Ṣùgbọ́n inú ọ́ìlì ni tírẹ́ẹ̀dì wà nígbà gbogbo, ìpẹtà kì í sì í dé ibẹ̀. Òrùka rọ́bà wà níta rẹ̀, nítorí náà epo atúpẹtà pẹ̀lú kò lè ráyè wọlé. Ara agolo ni ó dípẹtà. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ń tú u ni pé agolo náà ti di ẹlẹgẹ́: bí a bá fún un mọ́ra jù, yóò rún.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà

Gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ ọ̀nà ìkẹyìn, èyí ni fífi òòlù gbá sukudiráfà la agolo já láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí a lè fi ṣe ọwọ́ tí a ó dìmú yí i. Nígbà mìíràn ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn agolo a fà ya bí ewé, ìdí rẹ̀ a sì ṣẹ́kù sára ẹnjìnnì. Láti ìgbà tí a bá ti lu ú já, kò sí àbọ̀ mọ́. A kò lè tan ẹnjìnnì láti múlé rọ́bà, ọkọ̀ kò sì lè gbéra títí asẹ́ yóò fi jáde. Bí ọkọ̀ náà bá wà ní oko, tí asẹ́ tuntun sì wà ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, gbágùúdá tí a ti kó sẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró níbẹ̀. Nítorí náà kí asẹ́ tuntun wà nílẹ̀ kí a tó gbé òòlù.

Bí ìdí agolo bá ṣẹ́kù, kí a fi ìgbẹ́rin tí kò mú gbá etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ìhà títú. Kí irin náà má ṣe kan ojú ìjókòó tí rọ́bà ń tẹ̀ mọ́, nítorí pé bí ibẹ̀ bá há, ọ́ìlì yóò máa jò lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nínú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ràn lásán kọ́ ni òwe náà. Bí irin tín-ínrín ṣe ń hùwà gan-an ni.

Òsì ta ni, ọ̀tún ta ni?

Àṣìṣe kan tí ó tún wọ́pọ̀ nínú ìtumọ̀ ni ti ìhà tí a ó yí asẹ́ sí. Ìwé òyìnbó a máa sọ pé kí a yí i lòdì sí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Olùtumọ̀ a sì kọ ọ́ pé kí a yí i sí òsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ń yí ká kò ní òsì kan pàtó: bí òkè rẹ̀ ti ń lọ sí òsì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí ọ̀tún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí ó kọjú sí ìdí agolo, yóò rí i pé ó ń yí lòdì sí ọwọ́ aago. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tí ó ń wò ó láti ìhà ẹnjìnnì, yóò rí agolo kan náà tí ó ń yí bí ọwọ́ aago. Bí ẹni òkè bá tẹ̀lé ìwé láìronú, dídè ni yóò máa dè é, yóò sì máa kígbe pé kò tú.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Tú àti dè ti wà nínú èdè, àwọn méjèèjì sì ń sọ àbájáde, kì í ṣe ìhà. Kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí òṣìṣẹ́ yóò dojú kọ, kí ó tó sọ bí yóò ti yí i. Fún àpẹẹrẹ: "Kọjú sí ìdí asẹ́, kí o sì yí i lòdì sí ìrìn ọwọ́ aago láti tú u." Gbólóhùn yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Dídè ti tuntun

Kí a tó fi asẹ́ tuntun sí i, kí a fi ìka wá ojú ìjókòó bóyá òrùka rọ́bà àtijọ́ ti kù síbẹ̀. Bí rọ́bà méjì bá gun ara wọn, ọ́ìlì yóò tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹnjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí a fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà lẹ́nu, kí a fi ọwọ́ yí asẹ́ wọlé títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí a sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Ọwọ́ ni, kì í ṣe irinṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe báyìí, ẹni tí yóò tú u lẹ́yìn kìlómítà 5,000 yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé jáàkì nìkan kò tó gbé ọkọ̀ dúró lórí ènìyàn. Ọ́ìlì àlòkù, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ń ṣe ara ní ibi bí ó bá ń kan awọ fún ìgbà pípẹ́. Kò sì yẹ kí a dà á sílẹ̀ ní oko tàbí sí etí odò tí a ń pọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Asẹ́ ọ́ìlì: ohun tí ń sẹ́ ọ́ìlì ẹnjìnnì, a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ ní asẹ́ epo.
Asẹ́ epo: ohun tí ń sẹ́ bẹntiróòlù tàbí dísù.
Òrùka rọ́bà: rọ́bà roboto tí ó wà lẹ́nu asẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò.
Ojú ìjókòó: ojú irin ẹnjìnnì tí òrùka rọ́bà ń tẹ̀ mọ́.
Ọ̀pá oníhò: irin onítírẹ́ẹ̀dì tí a ń yí asẹ́ mọ́, tí ọ́ìlì sì ń gba inú rẹ̀ padà.
Ọ̀nà àbùjá: ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nígbà tí asẹ́ bá dí.
Sípánà onígbànú: irinṣẹ́ tí a ń wé mọ́ agolo láti yí i.
Fún, lẹ̀, há, dípẹtà, yọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún tí a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Àgbálọgbábọ̀

Àṣà àwọn tí ń ṣe ọ̀rọ̀ ìperí ni láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ: kí ni a ó máa pe irinṣẹ́ yìí, kí ni a ó máa pe ẹ̀yà tọ̀hún? Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó rọrùn jù láti yá. Fílítà, sípánà, ọ́ìlì àti tírẹ́ẹ̀dì ti wọlé, wọn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ gbé wà, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilẹ̀ yìí, lẹ́nu ẹni tí ń sẹ́ ògì àti ẹni tí ń di ẹrù. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ tí ó fẹ́ kọ ìwé nípa ẹ̀rọ kọ́kọ́ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, ní Ìjàyè tàbí ní ibòmíràn, kí ó sì kọ ohun tí ọ̀gá ń bi ọmọ iṣẹ́ léèrè sílẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.